Ojú Àlejò Lórí Òkè Sri Pada

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àlejò lójú ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ìkìlọ̀ ni ọ̀rọ̀ náà. Àlejò a máa rí ilé, kì í rí ohun tí ó wà ní ìyẹ̀wù. A máa rí ijó, kì í mọ ohun tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ jó. Síbẹ̀, púpọ̀ nínú ohun tí a mọ̀ nípa ayé àtijọ́ ni ó jẹ́ pé ojú àlejò ni a fi rí i. Bí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa ààfin Màlì ní àárín ọ̀rúndún kẹrìnlá, ẹni tí ó fi ojú ara rẹ̀ rí i, tí ìròyìn rẹ̀ sì dé ọwọ́ wa nínú ìwé, ni Ibn Battuta, ọmọ bíbí ìlú Tangier ní ilẹ̀ Mòrókò. Àlejò ni òun náà. Òṣùwọ̀n wo ni ó yẹ kí á fi wọn ẹ̀rí rẹ̀?

Ọ̀nà kan tí a lè gbà dáhùn ìbéèrè yìí ni pé kí á tẹ̀lé ọkùnrin náà dé ilẹ̀ mìíràn tí ó ti rìn dé kí ó tó wá sí ọ̀dọ̀ wa. Kí ó jẹ́ ilẹ̀ tí àwọn arìnrìn-àjò mìíràn ti dé ṣáájú rẹ̀ àti lẹ́yìn rẹ̀, tí àwọn onílé fúnra wọn sì ní ìwé, òkúta àti ilé tí a lè fi yẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò. Irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni erékùṣù Sri Lanka, ní gúúsù Íńdíà, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Ceylon títí di ọdún 1972. Ibn Battuta dé ibẹ̀ ní ọdún 1344, ọdún mẹ́jọ kí ó tó fi ẹsẹ̀ tẹ olú ìlú Màlì. Ohun tí ó gbé e lọ síbẹ̀ ni òkè kan.

Òkè náà wà láàárín àwọn òkè gúúsù erékùṣù náà, ó sì ga tó mítà 2,243. Òun kọ́ ni ó ga jù níbẹ̀, ṣùgbọ́n ṣóńṣó orí rẹ̀ dá yọ gedegbe ju ti àwọn tí ó yí i ká lọ. Lórí ṣóńṣó yìí ni ojú ẹsẹ̀ kan wà nínú àpáta, tí gígùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà méjì. Sri Pada ni wọ́n ń pe òkè náà, èyí tí ó túmọ̀ sí Ẹsẹ̀ Ọlọ́wọ̀. Àwọn ẹlẹ́sìn Búdà ní ẹsẹ̀ Búdà ni. Àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù ní ẹsẹ̀ Shiva, òrìṣà wọn, ni. Àwọn Mùsùlùmí ní ẹsẹ̀ Ádámù ni, nígbà tí a lé e kúrò nínú ọgbà ìdẹ̀ra. Àwọn Kristẹni kan gbà pẹ̀lú wọn, àwọn mìíràn sì ní ẹsẹ̀ Tọ́másì Àpósítélì ni. Láti oṣù Kejìlá títí di oṣù Karùn-ún ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni ọ̀pọ̀ èrò ń gun òkè náà. Òru ni wọ́n sábà máa ń gùn ún, kí ilẹ̀ lè mọ́ bá wọn lórí rẹ̀. Nígbà tí oòrùn bá yọ, òjìji òkè náà a nà lọ sí ìwọ̀ oòrùn, a sì ní igun mẹ́ta ṣáká lórí ìkùukùu àti àwọn àfonífojì ìsàlẹ̀. Tọmọdé tàgbà, tolówó tòtòṣì, àtẹ̀gùn kan náà ni gbogbo wọn ń gùn.

Ẹni àkọ́kọ́ tí a ó pè wá jẹ́rìí ni Faxian, mọ́ǹkì ẹlẹ́sìn Búdà láti ilẹ̀ Ṣáínà. Ní ọdún 399, nígbà tí ó ti di àgbàlagbà, ó gbéra ní ìlú Chang'an pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ìwé òfin tí ó de àwọn mọ́ǹkì ni ó ń wá lọ, nítorí èyí tí ó wà ní ilẹ̀ rẹ̀ kò pé. Ó fi ẹsẹ̀ rin aṣálẹ̀, ó gun àwọn òkè oníyìnyín, ó la Íńdíà kọjá, lẹ́yìn náà ni ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Sri Lanka. Ọdún méjì ni ó lò níbẹ̀.

Anuradhapura ni olú ìlú nígbà náà. Faxian kọ ọ́ sílẹ̀ pé 5,000 mọ́ǹkì ni ó ń gbé ní ọgbà Abhayagiri, 3,000 ní ọgbà Mahavihara, àti 2,000 lórí òkè Mihintale. Ó rí igi mímọ́ tí àwọn ará ibẹ̀ ń bọ̀wọ̀ fún. Wọ́n ní ní ọ̀rúndún kẹta ṣáájú ìbí Kristi ni ọmọbìnrin Ashoka, ọba Íńdíà, gbé ẹ̀ka rẹ̀ wá láti ara igi tí Búdà jókòó sí abẹ́ rẹ̀ nígbà tí ojú inú rẹ̀ là. Ó rí bí wọ́n ti ń gbé eyín Búdà yí ìlú ká pẹ̀lú ayẹyẹ. Ó sì wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n dáná sun òkú mọ́ǹkì àgbà kan tí gbogbo ìlú bọ̀wọ̀ fún.

Ǹjẹ́ a lè gba àlejò yìí gbọ́? Àwọn òkúta ìlú náà ń bá a jẹ́rìí. Igi mímọ́ náà ṣì ń so ewé títí di òní, wọ́n fi òpó gbé àwọn ẹ̀ka rẹ̀ ró. Ní Abhayagiri, ọpọ́n òkúta gbọọrọ tí wọ́n ń bu ìrẹsì àwọn mọ́ǹkì sí wà níbẹ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ wò ó. Ọpọ́n tí ó tóbi tó bẹ́ẹ̀ kì í ṣe fún agbo ilé kékeré. Ní Mihintale, ọba kan ní ọ̀rúndún kẹwàá gbẹ́ òfin ilé àwọn mọ́ǹkì sára òkúta ńlá méjì, pẹ̀lú iṣẹ́ tí oníkálùkù ń ṣe àti owó ọ̀yà rẹ̀. Òkìtì bíríkì ribiti kan sì wà ní ìlú náà, Jetavanaramaya, tí ọba Mahasena bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún ó lé díẹ̀ ṣáájú kí Faxian tó dé. Ó ga ju mítà 120 lọ nígbà tí wọ́n parí rẹ̀. Àwọn òkìtì gogoro méjì tí ó ga jù ní Giza, ní Íjíbítì, ni àwọn onímọ̀ máa ń kà ṣáájú rẹ̀ nínú àwọn ilé gíga ayé ìgbà náà.

Faxian kò fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní lọ́jọ́ kan, òun dúró níwájú ère Búdà kan ní Abhayagiri, tí wọ́n fi òkúta iyebíye aláwọ̀ ewé gbẹ́, òun sì rí oníṣòwò kan tí ó fi abẹ̀bẹ̀ ṣẹ́dà funfun kan ṣe ọrẹ. Iṣẹ́ ọwọ́ ilẹ̀ Ṣáínà ni abẹ̀bẹ̀ náà. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí kò ti rí ohun kan láti ilé. Nínú àwọn tí wọ́n jọ jáde, àwọn kan ti kú, àwọn kan ti yà lọ́nà. Òun nìkan ni ó kù láàárín àwọn tí kò gbọ́ èdè rẹ̀. Omi bọ́ lójú àgbàlagbà náà. Ibẹ̀ ni ẹni tí ó ń kà á ti mọ̀ pé ẹlẹ́ran ara ni ẹlẹ́rìí yìí.

Nípa òkè wa ńkọ́? Faxian kọ ọ́ pé Búdà tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ kan sí àríwá olú ìlú, ó sì tẹ èkejì sí orí òkè kan. Kò sọ pé òun gùn ún. Nínú ìwé rẹ̀, Búdà nìkan ni ó ni ẹsẹ̀ náà. Ìwé Búdà ni ó wá, Búdà náà ni ó sì rí níbi gbogbo.

Kì í ṣe ará òkèèrè nìkan ni ó ń rìnrìn-àjò lọ wo ohun àrà ní erékùṣù náà. Ní Sigiriya, àpáta kan dá dúró láàárín igbó, ó ga tó nǹkan bí mítà 180. Ọba Kasyapa, tí ó pa baba rẹ̀ kí ó lè jọba, kọ́ ààfin sórí rẹ̀, ó sì jọba láti ọdún 477 sí 495. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni àpáta náà di ti àwọn mọ́ǹkì. Nígbà tí ó di ọ̀rúndún kẹjọ sí ìkẹwàá, àwọn ọmọ erékùṣù náà ń wá láti ọ̀nà jíjìn láti wo àwòrán àwọn arẹwà obìnrin tí wọ́n kùn sára àpáta náà, wọ́n sì ń fi ohun mímú ha ewì sára ògiri dídán kan tí ó wà nítòsí. Mọ́ǹkì wà nínú wọn, jagunjagun wà nínú wọn, obìnrin náà sì kọ tirẹ̀. Onímọ̀ Senarat Paranavitana ka 685 nínú àwọn ewì wọ̀nyí, ó sì tẹ̀ wọ́n jáde ní ọdún 1956. Ohun tí à bá pè ní bíba ògiri jẹ́ ti di ìṣúra fún èdè Sinhala. Àwọn tí wọ́n kọ ọ́ kò mọ àwọn obìnrin inú àwòrán náà; ọ̀rúndún mẹ́ta ti kọjá. Bí ọjọ́ bá pẹ́, onílé pàápàá a máa di àlejò nínú ilé baba rẹ̀.

Ní ìparí ọ̀rúndún kẹtàlá ni Marco Polo, ọmọ ìlú Venice, gbọ́ ìròyìn òkè náà. Ó sọ pé àwọn Mùsùlùmí ní ibojì Ádámù ni ó wà lórí rẹ̀, àwọn abọ̀rìṣà sì ní ti Búdà ni. Kò dá ẹjọ́ náà fún ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ọ̀rọ̀ tọ̀tún-tòsì ni ó kó jọ. Ó ní bí ó bá ṣe pé Kristẹni ni Búdà, ẹni mímọ́ ńlá ni ì bá jẹ́. Ìyìn ni, ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n ilé rẹ̀ ni ó fi wọn ọmọ ọlọ́mọ.

Ó wá kan Ibn Battuta. Etí òkun ìwọ̀ oòrùn ni ó gúnlẹ̀ sí, ní agbègbè tí ọba Tamil tí ó ń jọba ní Jaffna ń ṣe àkóso. Ọba náà gbọ́ èdè Páṣíà, wọ́n sì jọ sọ̀rọ̀. Nígbà tí ó bi àlejò rẹ̀ léèrè ohun tí ó ń fẹ́, ó ní láti ìgbà tí òun ti dé, kò sí ohun mìíràn tí òun ń fẹ́ ju kí òun bẹ Ẹsẹ̀ Ádámù wò. Ọba fún un ní àga ìgbérù àti àwọn tí yóò gbé e. Ó fi yogi mẹ́rin tí wọ́n máa ń gun òkè náà lọ́dọọdún tì í, pẹ̀lú Brahmin mẹ́ta, ènìyàn ọba mẹ́wàá àti aláàárù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí ó ru oúnjẹ.

Ìròyìn rẹ̀ nípa òkè náà kún fún ohun tí ojú rí. Ó rí ìkùukùu ní ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀, tí kò jẹ́ kí ó rí abẹ́ òkè mọ́. Ó rí àwọn igi tí ewé wọn kì í wọ́, àti òdòdó pupa tí ó tóbi tó àtẹ́lẹwọ́. Ó ní ọ̀nà méjì ni ó lọ sókè: wọ́n ń pe ọ̀kan ní ọ̀nà Baba, wọ́n ń pe èkejì ní ọ̀nà Mama, ìyẹn Ádámù àti Éfà. Ọ̀nà Mama rọrùn, òun ni àwọn èrò ń gbà bọ̀. Ẹni tí ó bá gbà á lọ, wọn kò kà á sí pé ó lọ. Ọ̀nà Baba le, ẹ̀wọ̀n irin mẹ́wàá ni wọ́n so mọ́ àpáta kí ènìyàn lè rí nǹkan dì mú. Lórí òkè, ó rí ihò mẹ́sàn-án tí àwọn olùjọ́sìn ń fi wúrà àti òkúta iyebíye sí, tí àwọn tálákà ń sáré láti kó o. Ó sì ní àwọn ará Ṣáínà ti wá gé ibi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ náà lọ sí ilé ìsìn wọn ní ìlú Zaytun.

Ẹni tí ó bá ń wá Búdà nínú ìròyìn yìí yóò wá a tì. Ádámù ni ó wà níbẹ̀, àti àwọn tí òǹkọ̀wé náà pè ní kèfèrí. Bẹ́ẹ̀ sì ni, ní ọdún 1344 yẹn gan-an, lábẹ́ ọba Sinhala tí olú ìlú rẹ̀ wà ní Gampola, wọ́n ń kọ́ ilé ìsìn Búdà ńlá méjì, Lankatilaka àti Gadaladeniya, sí àwọn òkè kan náà tí ó ń la àárín wọn kọjá. Àwọn ilé náà dúró di òní, ọdún wọn sì wà lára òkúta. Arìnrìn-àjò tí ó ka iye ẹ̀wọ̀n irin kò sọ ohunkóhun nípa wọn.

Irọ́ kọ́ ni ó pa. Bí a bá fẹ́ mọ ìdí rẹ̀, ìbéèrè mẹ́ta ni kí á bi. Kí ni ó wá? Ádámù ni ó wá. Ta ni ó mú un lọ? Àwọn Híńdù tí ọba Tamil yàn fún un ni, ibi tí wọ́n sì mọ̀ ni wọ́n mú un dé. Ta ni ó ń ròyìn fún? Ní ìlú Fez ni ó jókòó sí ní ọdún 1355, nípa àṣẹ Sultan ilẹ̀ Mòrókò, tí ó ń pe ìtàn rẹ̀ fún akọ̀wé Ibn Juzayy. Ohun tí ààfin Fez yóò fẹ́ gbọ́ ni ó kọ́kọ́ wá sí i lẹ́nu.

Ìbéèrè mẹ́ta yìí wúlò fún ohun tí wọ́n kọ sára òkúta pẹ̀lú. Ní ọdún 1911, wọ́n rí òkúta kan ní ìlú Galle tí àwọn ènìyàn Zheng He, ọ̀gágun ojú omi ilẹ̀ Ṣáínà, gbé wá. Ọdún 1409 ni ó wà lára rẹ̀, èdè mẹ́ta ni wọ́n sì fi kọ ọ́. Ti Ṣáínà ka ẹ̀bùn tí wọ́n fún Búdà, ti Tamil ka ti òrìṣà Híńdù kan, ti Páṣíà ka èyí tí wọ́n fi bọlá fún Allah. Ẹni tí ó bá ka èdè kan ṣoṣo yóò rò pé ẹ̀sìn kan ni àwọn àlejò náà bọ̀wọ̀ fún. Ẹni tí ó bá sì ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò rò pé àlàáfíà ni wọ́n bá wá. Kò ju ọdún méjì lọ tí Zheng He fi bá ọba ibẹ̀ jà, tí ó sì mú un ní ìgbèkùn lọ sí Ṣáínà.

Ẹ jẹ́ kí á wá gbé òṣùwọ̀n náà wá sílé. Ibn Battuta dé olú ìlú Màlì ní ọdún 1352, nígbà ayé Mansa Sulayman, ó sì kúrò níbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1353. Ó yìn wọ́n pé ìrẹ́jẹ ṣọ̀wọ́n láàárín wọn, pé ọ̀nà wọn kò ní olè, pé bí àlejò bá kú sọ́dọ̀ wọn, wọn kì í fọwọ́ kan ẹrù rẹ̀. Ó yìn wọ́n nítorí aṣọ funfun ọjọ́ Jímọ̀ àti bí wọ́n ti ń fi dandan mú ọmọ kọ́ Àlùkùránì sórí. Ó bu ẹnu àtẹ́ lu ìhòòhò àwọn ọmọbìnrin, eruku tí àwọn ènìyàn ń dà sórí níwájú ọba, àti àwọn akéwì ààfin tí wọ́n gbé agọ̀ ẹyẹ wọ̀. Nígbà tí wọ́n sọ fún un pé ẹ̀bùn ọba ti dé, ó dìde ní ìrètí aṣọ àti owó. Búrẹ́dì mẹ́ta, ẹran màlúù díẹ̀ tí wọ́n fi òrí dín, àti igbá wàrà kan ni ó rí. Ó bú sẹ́rìn-ín.

Kí ni ó wá? Ìlú Mùsùlùmí ni ó wá wò. Ìdí nìyí tí ìyìn àti ẹ̀gàn rẹ̀ fi jẹ́ ti adájọ́ ẹ̀sìn, nítorí iṣẹ́ adájọ́ ni ó ti ṣe ní Delhi àti ní erékùṣù Maldives. Ta ni ó mú un lọ? Àdúgbò àwọn aláwọ̀ funfun ni ó wọ̀ sí, àwọn ni wọ́n bá a wá ilé. Ta ni ó ń ròyìn fún? Ààfin Fez kan náà ni. Bí ó ti la àárín òkè Búdà kọjá láìsọ̀rọ̀ Búdà, bẹ́ẹ̀ náà ni a kò gbọdọ̀ rò pé ohun tí kò sọ nípa Màlì kò sí. Akéwì tí ó wọ agọ̀ ẹyẹ tí ó fi rẹ́rìn-ín, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ òun gan-an ni ìwé ìtàn tí ó ń sọ̀rọ̀ lójú rẹ̀.

Àwọn àgbà tún ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá ni àgbà òṣìkà. Ní Sri Lanka, a lè gbọ́ ẹjọ́ tọ̀tún-tòsì, nítorí pé igi, ọpọ́n òkúta, ògiri ewì àti ilé ọdún 1344 ṣì wà níbẹ̀ láti dá àlejò lóhùn. Ní ti Màlì, àwọn onímọ̀ kò tíì fẹnu kò títí di òní sí ibi tí olú ìlú tí Ibn Battuta wọ̀ wà gan-an. Ohun tí ó lè dá a lóhùn ní ẹkùn wa kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, èyí tí ó kù sì wà nínú ewu. Nínú oṣù Kìíní ọdún 2013, àwọn ọlọ́tẹ̀ tí wọ́n ń sá kúrò ní Timbuktu dáná sun ìwé àfọwọ́kọ tàbí kó o lọ, nǹkan bí 4,000. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ṣẹ́kù kìkì nítorí pé àwọn ará ìlú ti fi ẹ̀mí ara wọn wewu láti kó wọn pamọ́ lọ sí Bamako. Sri Lanka náà kò bọ́ nínú rẹ̀. Ní ìdajì ọdún 1981, kí ogun abẹ́lé ọdún 1983 sí 2009 tó bẹ̀rẹ̀, àwọn jàǹdùkú jó ilé ìkàwé ìlú Jaffna, ìwé tí ó tó 97,000 sì bá a lọ. Jaffna yìí ni ìlú ọba tí ó gba Ibn Battuta lálejò. Òkè tí gbogbo ẹ̀sìn jọ ń gùn kò dá iná náà dúró.

Nítorí náà, kí á máa ka àwọn arìnrìn-àjò, kí á sì máa dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Bí kò bá sí Faxian, a kì bá tí mọ iye mọ́ǹkì Abhayagiri. Bí kò bá sí Ibn Battuta, a kì bá tí mọ bí ọ̀nà Màlì ti ní ààbò tó. Ṣùgbọ́n àlejò kò lè ju ẹlẹ́rìí kan lọ. Onílé tí ó bá jẹ́ kí ìwé ara rẹ̀ jóná, tí ó sì jẹ́ kí àgbà tí ó mọ ìtàn kú láìfọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, ojú àlejò nìkan ni yóò kù fún un láti fi wo ara rẹ̀.